Bíìtì Tín-ín-rín fún Kóòtù Bàbá

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù kẹfà

Ìwé, ìwọ ni mo lè bá sọ ọ́, torí o ò lẹ́nu tí wàá fi rò ó fún ẹlòmíì.

Bàbá ọkọ mi tún jáde lọ lánàá. Gbogbo wa wà nílé, wọ́n sì jáde mọ́ wa lójú. Èmi ń fọ abọ́, ọkọ mi ń tún rédíò aládùúgbò ṣe, àbúrò rẹ̀ obìnrin tí mo ń pè ní Eyínfúnjowó ń sùn. Bàbá wọ kóòtù iṣẹ́ wọn, wọ́n bá tiwọn lọ. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì nínú iṣẹ́ lẹ́tà pínpín, ṣùgbọ́n bí nǹkan bá ti dàrú mọ́ wọn lójú báyìí, ohun tí wọ́n máa ń rò ni pé ilẹ̀ ti mọ́ jù, lẹ́tà ń bẹ nílẹ̀, àwọn èèyàn ń retí. Wọ́n ti kọjá ojú irin rélùwéè kí ọkùnrin kan tó ń lẹ táyà tó dá wọn mọ̀, tó fi alùpùpù gbé wọn wálé.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi dé bá wa níbi tí a ti ń sá kiri. Wọn ò pariwo. Ìyẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù. Nígbà tí wọ́n gbé Bàbá dé, Ẹ̀gbọ́n kúnlẹ̀, wọ́n di ẹsẹ̀ Bàbá mú, wọ́n ń fi ọwọ́ ara wọn nu ẹrẹ̀ kúrò níbẹ̀, omijé ń bọ́ sórí ẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n sọ̀rọ̀.

"Àìkú tó bá kẹ́yìn oṣù yìí, màá padà wá, wẹ́dà ni màá sì mú wá. Ilẹ̀kùn onírin la máa gbé sẹ́nu yàrá wọn, a ó máa tì í pa. Ó tẹ́ mi lọ́rùn kí ayé bú mi pé mo ti bàbá mi mọ́lé ju kí wọ́n pè mí pé kí n wá kó wọn lójú irin."

Ọkọ mi ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fún mi láyè. Ohun kan wà tí mo fẹ́ ṣe."

"Máa ṣe é. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá tún fi sọ nù pẹ́nrẹ́n kó tó dìgbà yẹn, mi ò ní dúró de ìparí oṣù kankan."

Èmi ni mo máa ń wà lọ́dọ̀ Bàbá lójúmọmọ. Ọkọ mi á ti lọ sí iléeṣẹ́ ọṣẹ, Eyínfúnjowó á ti lọ sí ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé tó ti ń ṣiṣẹ́. Bí ilẹ̀kùn onírin bá dé, ọwọ́ mi ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ máa wà. Bàbá sì ni ẹni àkọ́kọ́ tó pa mí lẹ́rìn-ín nínú ilé yìí, nígbà tí ojú ṣì ń tì mí láti jẹun níwájú èèyàn. Mi ò fẹ́ di ìyàwó tó ń ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrin

Ọkọ mi ya ohun tó ní lọ́kàn fún mi sẹ́yìn páálí ọṣẹ. Nǹkan kékeré kan máa wà nínú aṣọ tí wọ́n fi tẹ́ inú kóòtù Bàbá, èmi ni màá rán an mọ́ ibẹ̀. Ìkejì ẹ̀ máa wà ní ilé ìdáná. Àwọn méjèèjì á máa bá ara wọn sọ̀rọ̀ láìsí wáyà láàárín wọn. Kóòtù kì í jáde láìsí Bàbá, Bàbá kì í sì í jáde láìsí kóòtù. Bó bá ti kọjá géètì báyìí, ti ilé ìdáná á figbe ta.

Ó ti gbìyànjú ẹ̀ rí. Wáyà ló fi so ó pọ̀ nígbà yẹn, Bàbá jókòó lé e lẹ́ẹ̀kan, gbogbo ti kóòtù já, ti ilé ìdáná nìkan ló ṣẹ́kù. Ó ní bọ́ọ̀dù ló tọ́ sí i, èyí tí kọ́pà tẹ́ sójú ẹ̀, tí ọ̀nà iná á wà lára ẹ̀ fúnra ẹ̀.

Mo ní, "Ṣé ẹ lè ṣe irú ẹ̀ nílé?"

"Àwa méjèèjì la jọ máa ṣe é. Ṣebí ìwọ lo mọ aṣọ lọ̀?"

Mo fi ọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín, mo rò pé ó ń fi mí ṣeré ni. Àfi bó ṣe jẹ́ òótọ́! Eyínfúnjowó á tẹ àwòrán náà sórí bébà dídán ní ṣọ́ọ̀bù wọn, èmi á fi áyọ́ọ̀nù gbígbóná lọ̀ ọ́ mọ́ kọ́pà, tàdáwà á lẹ̀ mọ́ ọn. A ó wá rì í sínú omi kan tó ń jẹ kọ́pà. Ibi tí tàdáwà bá bò nìkan ni omi ò ní rí jẹ.

Ọkọ mi ò fẹ́ kí n máa pe òun ní "ẹ". Ó ní òun kì í ṣe tíṣà mi. Ẹnu mi ò tíì gbà á.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹfà

Mo lọ̀ ọ́. Ó jáde bí ẹni ya iṣan ewé! Ó tiẹ̀ kọ BABA sí igun kan, kọ́pà pupa lórí páálí, ó ń dán. Inú mi dùn débi pé mo pe Bàbá wá wò ó. Wọ́n ní, "Ìlú wo nìyí?" Wọ́n rò pé àwòrán títì ni.

Ayọ̀ ọ̀hún ò dọ́sàn-án. Gbogbo ẹsẹ̀ nǹkan tó máa jókòó sórí ẹ̀ ló ní ihò tirẹ̀ láti gbà wọlé. Èyí tó ṣòro jù níbẹ̀ ni áísì, ohun dúdú kan báyìí tó ní ẹsẹ̀ wẹ́wẹ́ lọ́tùn-ún lósì bí ọ̀kùn. Bíìtì, irin ẹnu dírílì tí a fi ń lu ihò, èyí tó wà nílé nípọn bí ìṣó. Bí ọkọ mi ṣe fi lu ihò kìíní báyìí, ó jẹ kọ́pà ibẹ̀ tán pátápátá, ẹsẹ̀ áísì ò rí nǹkan kan dì mú.

Ó fa ẹyọ igi ìgbálẹ̀ kan yọ, ó ṣẹ́ ẹ, ó nà án sí mi. "Bíìtì tó tín-ín-rín tó báyìí la ń wá, tàbí kó tún tín-ín-rín sí i. Bá mi bèèrè ẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta irinṣẹ́."

Mo ní ó dáa. Ìwé, ṣé o gbọ́? Èmi tí mo máa ń fi owó sílẹ̀ lórí káńtà kí n má bàa bèèrè ṣéńjì!

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ keje

Mo mú Bàbá dání lọ, mo di etí kóòtù wọn mú. Ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta. Ní àkọ́kọ́, mo na igi ìgbálẹ̀ sí ọkùnrin tó wà níbẹ̀, ohùn mi ò jáde. Ó ní, "Ìyàwó, ìgbálẹ̀ la ń tà ńbí?" Ní ìkejì, ohùn jáde díẹ̀, wọ́n ní kò sí. Ní ìkẹta ni ọ̀gá oníṣọ́ọ̀bù ti gba igi náà, tó gbé e sókè kí gbogbo ìsọ̀ rí i.

"Bíìtì tó tó báyìí? Kí lẹ fẹ́ fi lu? Etí eṣinṣin?"

Ẹ̀rín pa wọ́n. Ọ̀kan ní, "Bóyá yẹtí ni wọ́n fẹ́ rà fún yànmùyánmú." Ojú mi kún fún omi. Ọ̀gá náà gbé èyí tó kéré jù nínú bíìtì ẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ igi ìgbálẹ̀ mi, ó dà bí òpó lẹ́gbẹ̀ẹ́ okùn.

Bàbá sì gbóhùn sókè. "Ẹ má fi ọmọ mi ṣe yẹ̀yẹ́. Ta ló ń retí lẹ́tà ńbí?"

Ọ̀gá náà wò wọ́n dáadáa. "Háà! Bàbá Onílẹ́tà! Ẹ̀yin lẹ gbé ìwé àṣeyọrí ìdánwò mi wá lọ́jọ́sí!" Ó gbé àga fún wọn. Ó wá bá mi sọ̀rọ̀ bí èèyàn. "Ìyàwó, ẹ má bínú. Ẹ lọ bi àwọn oníṣègùn eyín wò. Àwọn ló ń fi irin wẹ́wẹ́ gbẹ́ eyín èèyàn."

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹsàn-án

Òjò látàárọ̀. Bàbá ò dé ẹnu ọ̀nà. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ òjò.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkànlá

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ má lè kọ ọ́ nítorí ẹ̀rín.

Èmi àti Bàbá dé ọ̀dọ̀ oníṣègùn eyín, èrò kún ibẹ̀. Nọ́ọ̀sì pariwo láti ọ̀ọ́kán, "Èwo ló ń dùn yín?" Gbogbo ojú yí sí mi. Dípò kí n ṣàlàyé, mo fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Mo jókòó, mo ń rò ó lọ́kàn pé tí wọ́n bá pè mí màá ṣàlàyé. Wọ́n pè mí, wọ́n ní kí n gun àga. Mo gùn ún. Wọ́n tan iná sójú mi. Dókítà, obìnrin kan tó ti ń dàgbà, ní kí n ya ẹnu. Ìwé, mo yà á!

Ó wò títí. "Eyín yín dáa ju tèmi lọ. Kí ló ń ṣe yín gan-an?"

Dígí kékeré ṣì wà lẹ́nu mi. Mo ní, "Bíì-ì."

"Kí ni?"

Ó yọ dígí. Mo ní, "Bíìtì ni mo wá tọrọ, mà. Láti fi lu bọ́ọ̀dù. Torí bàbá ọkọ mi, kí wọ́n má bàa tì wọ́n mọ́lé."

Ó dúró, ó wo Bàbá tó jókòó ní ìdí ògiri tí wọ́n ń kí àwọn aláìsàn kú iṣẹ́. Ló bá bú sẹ́rìn-ín, aṣọ tó fi bo imú já bọ́. "Látọjọ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́ yìí, ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ gun àga yìí láìsunkún!" Ó ṣa àwọn tó ti lò gbó fún mi, ó ní wọ́n ti sè wọ́n mọ́, ó kó wọn sínú agolo kékeré kan. Mo gbá a mọ́ àyà títí mo fi délé.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìlá

Kò ṣiṣẹ́.

Orí bíìtì oníṣègùn eyín rí róbótó bí ẹyin èèrà. Eyín ló mọ̀ ọ́n gbẹ́, kò mọ ihò lu. Bó bá ti kan kọ́pà, ńṣe ló máa yọ̀ lọ yọ̀ bọ̀, ó sì ń bó ọ̀nà iná kúrò bí ẹni ń họ iṣu. Bọ́ọ̀dù kan tún bàjẹ́. Ọkọ mi ti dírílì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní ebi ò pa òun. Èmi náà ní ebi ò pa mí. Bàbá jẹ tàwa méjèèjì.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlá

Ẹnìkan tó ń tún ẹ̀rọ ṣe ní iléeṣẹ́ ọṣẹ ti bá ọkọ mi kọ̀wé sí ọ̀nà jíjìn pé kí wọ́n fi bíìtì ránṣẹ́, ojúlówó tí àwọn oníbọ́ọ̀dù ń lò. Wọ́n á gbé e wá sí ẹnu ọ̀nà wa. Bátìrì ti gbówó lórí sí i. Kọ́pà tó ṣẹ́kù nílé ò ju bọ́ọ̀dù méjì lọ. Mo rán àpò náà sínú kóòtù lónìí, kó ti wà ní sẹpẹ́.

Ọjọ́bọ̀, ogúnjọ́

Ìwé, jẹ́ kí n tètè rò ó fún ọ.

Mo lọ pọn omi lẹ́yìnkùlé, kò pẹ́ rárá. Nígbà tí mo padà, àga Bàbá ṣófo. Mo sáré jáde, mo bá ọkùnrin kan tó ń gbé ẹrù kiri lórí alùpùpù, ó ń yí padà lọ. Mo ní ṣé ó rí àgbàlagbà ọkùnrin kan.

"Ẹni tó wọ kóòtù àwọn onílẹ́tà? Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ẹrù ilé yìí lọ́wọ́ mi tán. Wọ́n bu ọwọ́ lù ú dáadáa, wọ́n tún ní ọ̀nà tí mo fi ń di ẹrù ò dára."

Ìwé, bíìtì tí à ń retí ni! Ẹrù sì ni wọ́n rí. Onílẹ́tà rí ẹrù, kí lo rò pé wọ́n máa ṣe?

Mo sáré. Mo ń pariwo "Bàbá mi! Bàbá mi!" ní títì gbangba, èmi tí n kì í gbé ohùn sókè. Mi ò rí wọn ní òpópónà kìíní, mi ò rí wọn ní ìkejì. Etí títì ńlá ni mo ti bá wọn, níbi tí àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ti ń kọjá wìì, ẹsẹ̀ wọn kan ti wà nínú títì. Mo fà wọ́n sẹ́yìn. A jọ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pàà.

Ọwọ́ wọn ṣófo.

"Bàbá mi, páálí kékeré yẹn dà?"

"Mo ti fún ẹni tó ni ín."

"Ta ló ni ín, sà?"

Wọ́n wò mí tìyanu-tìyanu. "Ọmọ mi, onílẹ́tà kì í tú àṣírí oníbàárà."

Bí a ṣe wọlé báyìí ni fóònù dún. Ẹ̀gbọ́n ni. "Ìyàwó, Bàbá ńkọ́?" Mo ní wọ́n wà ńbí, sà, wọ́n ń mu omi. Òótọ́ ni. Wọ́n ń mu omi. Ṣùgbọ́n àyà mi ń lù débi pé mo gbé fóònù jìnnà sára kí wọ́n má bàa gbọ́ ọ.

Nígbà tí ọkọ mi dé, mo rò ó fún un. Mo rò pé á bínú. Ó kàn ní, "Ṣé ọkọ̀ ò kàn yín?" Ó bi mí lẹ́ẹ̀mejì.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kọkànlélógún

Kò sí bí mo ṣe máa ṣe é. Mo mú Bàbá, mo ní kí wọ́n fi ọ̀nà tí wọ́n gbà lánàá hàn mí. Wọ́n ní ṣé ọ̀gá tuntun ni mí ni. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n bá gbéra.

Mo kan ilẹ̀kùn àwọn tí n kò rí rí. Ọkùnrin kan yọjú nínú síńgílẹ́ẹ̀tì, ó ní òun ò ra nǹkan. Ìyá kan ti ilẹ̀kùn mọ́ wa lójú gbàgà. Ajá kan lé wa, Bàbá sì na ọwọ́ sí i, "Jókòó!" Ajá jókòó. Wọ́n ní ajá ló kọ́kọ́ ń dán onílẹ́tà wò. Nígbà tó yá, mi ò mọ̀gbà tí ohùn mi ń jáde. Mo ń kí wọn, mo ń bi wọ́n, mo ń lọ.

Ìsọ̀ onídìrí lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni mo ti rí páálí náà. Bí obìnrin náà ṣe rí Bàbá, ó fi òòyà lu itan.

"Bàbá yìí nìyẹn! Mo ní kì í ṣe tèmi, wọ́n ní tèmi ni. Mo ní mi ò retí nǹkan kan, wọ́n ní àwọn tó ń retí gan-an kì í mọ̀. Ṣé kì í ṣe abẹ́rẹ́ irun ni? Mo ti fi ọ̀kan la irun, ó sì ṣẹ́ bí ẹfun. Ayédèrú ni wọ́n tà fún yín o!"

Mo kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Ó rò pé orí mi náà ò pé ni.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejìlélógún

Onídìrí ò parọ́. Líle ni àwọn bíìtì náà le, ṣùgbọ́n wọn ò gba ẹ̀gbin. Bí ọwọ́ bá gbọ̀n bí irun ojú báyìí, tá! Ó ti ṣẹ́. Èmi di bọ́ọ̀dù mú, ọkọ mi di dírílì mú, àwa méjèèjì ò mí. Ihò kan, ihò méjì, ihò rere, yíyí bí ojú abẹ́rẹ́. Tá! Ó gbé òmíì. Ihò kan. Tá! Eyínfúnjowó ní ẹnu ọ̀nà, "Ìyàwó, ṣé èpà lẹ ń pa ni?" Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, ìyókù tó ṣẹ́ sínú bọ́ọ̀dù ò yọ mọ́, kọ́pà sì ti ya níbi tí ọkọ mi ti ń fà á. Bọ́ọ̀dù yẹn ti lọ nìyẹn. Ó ku kọ́pà kan. Ó ku bíìtì kan. Ó ní kí n fi bíìtì náà sínú agolo òwú mi, òun á tọrọ ìdúró dírílì, irin tó ń di dírílì mú, ní iléeṣẹ́ kí ọwọ́ èèyàn má bàa sí níbẹ̀ mọ́. Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n tó lè yá a.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n

Ọkọ mi fi irin gbígbóná tó fi ń yọ́ òjé jó ọwọ́. Mo pariwo, "Wò ó, o ti jóná!" Ó gbàgbé ọgbẹ́, ó ń wò mí. "Kí lo wí?" Mo sá wọ ilé ìdáná. O. Mo pè é ní "o".

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n

Ọ̀túnla ni Àìkú, gbogbo nǹkan sì ti bàjẹ́.

Eyínfúnjowó mú bébà tuntun wá, ó mọ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo lọ̀ ọ́ mọ́ kọ́pà tó kù, mo fara balẹ̀, mi ò jẹ́ kí áyọ́ọ̀nù dúró lójú kan. A rì í sómi, a gbé e jáde, mo nù ún. Ọkọ mi ti gbé ìdúró dírílì kalẹ̀. Ó na ọwọ́, ó gba bọ́ọ̀dù, ọwọ́ ẹ̀ dúró.

BABA tó wà ní igun kọ ẹ̀yìn sí wa. Ńṣe ló dà bí ìgbà tí èèyàn ń kàwé nínú dígí.

"Ta ló fọwọ́ kan àwòrán yìí?"

Eyínfúnjowó ní, "Èmi ni mo tún un ṣe. Gbogbo ọ̀rọ̀ tó wà lára ẹ̀ ló kọ ẹ̀yìn, mo ní kí n bá yín yí i padà kó lè ṣeé kà. Àwọn oníbàárà wa, a máa ń bá wọn ṣe bẹ́ẹ̀."

"Ó yẹ kó kọ ẹ̀yìn ni! Tí a bá lọ̀ ọ́ mọ́ kọ́pà ló máa wá kọjú! Gbogbo ẹsẹ̀ áísì ni yóò wọ ihò ẹlòmíì báyìí!"

Mi ò gbọ́ kí ó jágbe rí. Eyínfúnjowó, ẹlẹ́nu mímú, dojú délẹ̀, ó ń sunkún bí ọmọdé. "Mo rò pé mò ń ràn yín lọ́wọ́ ni. Bàbá mi náà ni, àbí ẹ̀yin nìkan ni wọ́n bí ni?"

Ọkọ mi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Kò sí kọ́pà mọ́. A ní bíìtì báyìí o, a ò ní ohun tí a máa lu.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n

Kí n kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Ọkọ mi ti lọ síbi iṣẹ́. Mo mú bọ́ọ̀dù náà, mi ò lè jù ú nù. Ó dùn mí. Mo mú áísì, mo ní kí n wo bí ó ṣe burú tó. Mo gbé e sẹ́yìn bọ́ọ̀dù, ibi tó yẹ kó jókòó sí. Lóòótọ́, ẹsẹ̀ tó yẹ kó bọ́ sọ́dọ̀ bátìrì bọ́ sí òdìkejì. Gbogbo ẹ̀ ló ṣì ọ̀nà. Mo yí bọ́ọ̀dù sí ojú kọ́pà. Mo gbé áísì lé orí kọ́pà gan-an, bí ẹni tẹ́ ọmọ sórí ẹní. Ẹsẹ̀ tó ní àmì ní ẹ̀gbẹ́ bọ́ sọ́dọ̀ bátìrì. Mo ka èyí tó tẹ̀ lé e. Ó bọ́ síbi tirẹ̀. Mo tún un kà. Mo mú àwòrán ẹ̀yìn páálí ọṣẹ jáde, mo fi wé e. Gbogbo wọn ló délé.

Mi ò dá ara mi lójú. Mo di Bàbá lọ́wọ́ mú, a gba iléeṣẹ́ ọṣẹ lọ. Mo sọ fún ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì pé kó bá mi pe ọkọ mi. Ó ní, "Àfi bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ikú." Mo ní, "Ọ̀rọ̀ ìyè ni." Mi ò mọ ibi tí mo ti rí ẹnu yẹn.

Ó jáde wá, ìyẹ̀fun ọṣẹ dé ìgúnpá, ojú ẹ̀ ti funfun. "Bàbá ńkọ́? Bàbá dà?"

"Wọ́n nìyí. Wo èyí."

Mo gbé áísì lé ojú kọ́pà fún un. Ó wò ó. Ó yí i. Ó gbé e sún mọ́ ojú. Ohùn ẹ̀ ti rẹlẹ̀.

"Tí a bá tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ síta, tí a jó òjé mọ́ ọn lójú kọ́pà níbẹ̀..."

"Níbo ni ihò máa wà?"

"Kò nílò ihò."

Ló bá jókòó sẹ́nu géètì, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń fi ọwọ́ ọṣẹ nu ojú, ojú ta á, ó ń sunkún. Ẹ̀ṣọ́ ní, "Ṣé kò sí nǹkan?" Bàbá dá a lóhùn pé, "Lẹ́tà ayọ̀ ni."

Ó tètè kúrò níbi iṣẹ́. Ó jó o pọ̀ kí oòrùn tó wọ̀. Ó pe Eyínfúnjowó kó wá bá òun di iná mú, ó sì ń pè é ní "ọ̀gá ìtẹ̀wé". Mo rán an sínú kóòtù. Ọkọ mi wọ kóòtù Bàbá, ó rìn kọjá géètì. Ti ilé ìdáná ké, fííì! Bàbá ní, "Ẹ gbé ọmọ yẹn, ebi ń pa á."

Mi ò tíì láyọ̀ tán. Ẹ̀gbọ́n ń bọ̀ lọ́la.

Ọjọ́ Àìkú, ọgbọ̀njọ́

Wọ́n dé, àwọn àti wẹ́dà. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan ni wẹ́dà náà. Ó bi Ẹ̀gbọ́n pé, "Ṣé kí n fi fèrèsé kékeré sí i, tí wọ́n á máa gba oúnjẹ wọlé?" Ẹ̀gbọ́n ní, "Fi sí i." Mo gbọ́ ọ láti ilé ìdáná.

Ọkọ mi ń ṣàlàyé. Ẹ̀gbọ́n gbọ́ ọ dé òpin, wọ́n mi orí. "Àbúrò mi, ohun ìṣeré ni. Bó bá kú lọ́jọ́ tó yẹ kó ké ńkọ́?"

"Ẹ dán an wò, ẹ̀gbọ́n mi."

"Ẹ̀mí bàbá wa kọ́ la ó fi dán nǹkan wò."

Ohùn àwọn méjèèjì ti ń gòkè. Wẹ́dà ti wọ yàrá Bàbá, ó ń fi téèpù wọn ẹnu ọ̀nà, ó ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ sára férémù. Nígbà náà ni ti ilé ìdáná figbe ta.

Kò sẹ́ni tó dán nǹkan kan wò. Ọkọ mi wo Ẹ̀gbọ́n, Ẹ̀gbọ́n wo yàrá. Wẹ́dà yọjú, ó ní, "Kò sẹ́nì kankan nínú yàrá tí mò ń wọ̀n yìí o."

Èmi ti wà níta kí wọ́n tó rí bàtà wọn. Bàbá ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá géètì ni, wọ́n ṣì ń de bọ́tìnnì kóòtù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri aládùúgbò. Mo kàn dúró tì wọ́n. Ẹ̀gbọ́n sáré dé láìwọ bàtà, wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ. Bàbá wò wọ́n láti òkè dé ilẹ̀.

"Ìwọ náà ti pẹ́ síbi iṣẹ́ bíi tèmi?"

Ẹ̀gbọ́n bá Bàbá de bọ́tìnnì tó kù, wọ́n di ọwọ́ wọn mú. "Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ẹ jẹ́ ká jọ lọ."

Wọ́n jọ lọ. Mo wò wọ́n títí wọ́n fi yà ní ìkóríta, Ẹ̀gbọ́n láìwọ bàtà. Nílé, nǹkan náà ń ké, ń ké, ọkọ mi ò pa á. Ó ní òun fẹ́ gbọ́ ọ dáadáa.

Nígbà tí wọ́n dé, ó ti rẹ Bàbá, wọ́n lọ sùn lọ́sàn-án gangan. Ẹ̀gbọ́n jókòó, mo gbé omi fún wọn. Wọ́n ní wọ́n dé ilé mẹ́rin, Bàbá sì mọ ẹni tó ń gbé níbẹ̀ nígbà kan rí, pẹ̀lú iye ọmọ wọn. Wọ́n ní, "Mi ò bá wọn rìn látìgbà tí mo ti wà ní kékeré." Wọ́n yí sí wẹ́dà. "Ọ̀gá mi, ẹ ká téèpù yín."

Wọ́n tún yí sí mi. "Ìyàwó, bátìrì yẹn, ẹ má jẹ́ kó kú o."

Mo wò wọ́n lójú. Mo ní, "Kò ní kú, sà. Ọwọ́ mi ló wà."

Wọ́n ti lọ báyìí. Bàbá ṣì ń sùn, kóòtù wà lọ́rùn wọn, ilẹ̀kùn wọn ṣí sílẹ̀. Ìwọ̀n tí wẹ́dà fi ṣọ́ọ̀kì kọ ṣì wà lára férémù. Mo ti rẹ aṣọ sómi. Jẹ́ kí n lọ nù ún kí wọ́n tó jí.